Wọ̀nọ́nná, Káfíńtà tó Fi Erin Gba Ẹtu Méjì

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé káfíńtà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wọ̀nọ́nná, ọ̀rọ̀ Erin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Erin kì í ṣe ẹranko. Agbábọ́ọ̀lù ni, kò sì sí níbì kankan láyé àfi inú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ lójú àwọn àgbà tó máa ń pàdé ní pálọ̀ Ọ̀gá Tíṣà lọ́sàn-án Sátidé, Erin jẹ́ èèyàn gidi ju àwọn kan lára àna wọn lọ.

Bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì ki eré mọ́lẹ̀. Bó bá sá yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po tó padà síbi tó ti gbéra, ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ayò kan nìyẹn. Bí àwọn alátakò bá hán bọ́ọ̀lù náà kó tó kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ pin, kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri pápá, kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́. Ẹni tó gbá a á kàn máa rọra rìn yí po bí ọkọ ìyàwó. Nínú gbogbo àwọn àgbà wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó di igi náà mú rí, eékún wọn pàápàá ò ní gbà fún wọn. Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Tíṣà ló ń bá wọn gbá a. Kálukú ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, òun ló ń yan àwọn ọmọ rẹ̀, òun ló ń sọ wọ́n lórúkọ, òun ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa jókòó. Kálukú ló sì ní pápá tó ti ń gbàlejò. Kọ̀ǹpútà mọ bí ògiri pápá kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó, ó mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe yá tó, á po gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Erin ló lágbára jù nínú gbogbo wọn, Wọ̀nọ́nná ló sì ni ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wọ̀nọ́nná ṣàdéédé wúkọ́, ó ní òun fẹ́ fi Erin ṣe pàṣípààrọ̀. Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré àti ọ̀tá rẹ̀ nídìí eré, rọra béèrè ohun tó fẹ́ gbà. Wọ̀nọ́nná ní òun fẹ́ àwọn ọmọ méjì kan tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì Oníbúrẹ́dì, àwọn pẹ́lẹ́ńgẹ́ méjì tí wọn ò lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, àmọ́ tí wọ́n ń sáré bí ẹtu. Oníbúrẹ́dì ò tiẹ̀ rántí mọ́ pé òun ló ni wọ́n. Ó wo ojú Wọ̀nọ́nná, ó wo ojú Ọ̀gá Tíṣà, ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ara rẹ̀ tó yá.”

Ọ̀gá Tíṣà tẹ̀ ẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Obìnrin tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ọmọ ilé ìwé ni, ó mọ bí ojú ẹni tí ara rẹ̀ ò dá ṣe máa ń rí. Ó gbé fóònù, ó pe ọmọbìnrin àbíkẹ́yìn Wọ̀nọ́nná, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ó ní kó máa bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì sáré dé tòun ti aṣọ iṣẹ́. Ó so ẹ̀rọ mọ́ bàbá rẹ̀ lápá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́ bí omi odò. Nígbà tó ti dé náà, ó kúkú wo tàwọn yòókù. Ti Oníbúrẹ́dì ló ga. Ayọ̀ Erin ló gbé e gun òkè.

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ pápá bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ wọ Nọ́ọ̀sì létí. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá òun máa ń lọ ṣeré, àmọ́ ó rò pé ó dà bí ayò ọlọ́pọ́n, ohun tí àgbà fi ń gbàgbé ẹ̀yìn ríro. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sílé, ó bi í léèrè pé kí ló dé tó fi gbé ẹni tó dáa jù sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró sójú títì.

“Ìyá mi, ṣó o ti rí pápá mi rí?”

Ó ní òun ò rí i rí.

“Ó fẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n bá kí i káàárọ̀ látibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀sán ni á tó dáhùn. Bọ́ọ̀lù tí Erin ń gbá, ní pápá Oníbúrẹ́dì, ó ti fò sọdá. Ní tèmi, á ga, á ga, á wá rántí pé ọ̀nà jìn, á sọ̀kalẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi alágbára ṣe nínú ilé tí kò sí ohun tó máa gbé?”

Ìdí tí ọkùnrin yìí fi ń ro ilé kó tó ro ẹrù, ó ní ìtàn. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ fún tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Kọ́bọ́ọ̀dù náà dára débi pé àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò ó. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀, kò gbà. Wọ́n gbé e nàró, kò gbà. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n yọ férémù, ó ku díẹ̀ kí wọ́n wó ògiri kí ìyá onílé tó dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù wá fìdí kalẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ilé ń ti yàrá jáde láràárọ̀ tòun ti táwẹ́ẹ̀lì láti wá wọ ṣòkòtò lójú gbogbo ayálégbé. Wọ́n ní ilé náà ni ìkíni àárọ̀ ti kúrú jù nígboro.

Láti ọjọ́ náà ni téèpù kò ti kúrò lápò rẹ̀. Bó bá wọ ilé èèyàn, á wọn ẹnu ọ̀nà kó tó kí onílé. Bí o bá ní kó kan àga fún ọ, á ní ká wọ̀n ọ́n ná. Ibi tí àga máa dúró sí ni á wọ̀n, á wọn ìwọ tó o máa jókòó, á sì wọn àlejò tó sanra jù tó ń wá bá ọ. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ wálé, bàbá rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, kò béèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò béèrè àwọn òbí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un: “Ẹ ga, ọ̀gbẹ́ni. Nínú ilé yìí, ẹ máa ní láti tẹrí ba.” Ọmọkùnrin náà gbà pé òwe ni. Ó lọ sílé, ó rò ó títí, ó pinnu pé òun á jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ àna. Ìgbà tó tún padà wá ló forí sọ àtẹ́rígbà ilé ìdáná.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá jókòó ti pápá gbàgede yìí. Lẹ́yìn tó ti yọ Erin kúrò lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn eléré sísá jọ bí ẹni tó ń ṣa olú. Ó fi alágbára kan gba ọmọ kan tó lè wà ní gúúsù kó sì gba bọ́ọ̀lù mú ní àríwá. Ó sọ ìyẹn ní Àṣá, ó fi í sáàárín gbùngbùn ibi tó jìn jù. Àwọn méjì tó gbà lọ́wọ́ Oníbúrẹ́dì, ó fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó fi ìkejì sósì. Ó wá lọ ń wá àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù tí alátakò kì í lè gbá síbì kankan àfi òkè. Àwọn ẹlòmíì ń sá fún irú wọn, torí bọ́ọ̀lù tó bá ti lọ sókè lè fo ògiri. Wọ̀nọ́nná ní kí wọ́n máa kó wọn bọ̀. Ó ní òkè kò lọ́nà àbáyọ, ibi tó ti lọ náà ló máa gbà padà, àwọn ọmọ òun á sì ti dúró dè é.

Ó dùn létí, àmọ́ sáà àkọ́kọ́, wọ́n nà án bí ẹni na bàrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń mú bọ́ọ̀lù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbá ọ̀kan tó máa wú èèyàn lórí. Oníbúrẹ́dì ń gbé búrẹ́dì wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní ìtùnú ni. Wọ̀nọ́nná ń jẹ búrẹ́dì náà, ó ń ronú.

Ìgbà yẹn ni Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì í. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á bá a nídìí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀bẹ̀ títí kó tó rí i yá lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń tún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà gbá, tó kàn ń pààrọ̀ ọmọ kan ṣoṣo láti wo ohun tó máa yàtọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó jókòó kí bàbá rẹ̀ má bàa gbàgbé oògùn. Nígbà tó yá, òun gan-an ló ń gbàgbé láti rán an létí. Ó ń béèrè ìbéèrè bí ọmọdé: kí ló dé tí eléyìí fi ń sá kí wọ́n tó gbá a? Kí ló dé tí ẹni yìí fi ń dúró sápá kan? Bàbá rẹ̀ ń dá a lóhùn, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ń dí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan ni Nọ́ọ̀sì na ìka sí àwòrán pápá náà, ó ní ògiri ọwọ́ òsì ló jìn réré, ti ọwọ́ ọ̀tún sún mọ́ ìtòsí díẹ̀. Ó ní ṣé dandan ni kí ẹni tó wà lọ́tùn-ún mọ eré sá tó bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn ò lè fi ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá síbẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ yá? Wọ̀nọ́nná bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Ìyá mi, ta ló bí ẹ?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni.”

Látìgbà náà, ẹni tó bá lọ bá Wọ̀nọ́nná ní pápá rẹ̀, ẹkún ló ń sun bọ̀. Ọjọ́ tí Oníbúrẹ́dì mú Erin lọ síbẹ̀, Erin gbá bọ́ọ̀lù tí apá òkè kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà, Àṣá sì ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ó gbá òmíràn, ọ̀kan nínú àwọn ẹtu ló mú un. Bó ṣe ń gbá a ni wọ́n ń mú un, títí Oníbúrẹ́dì fi dìde, tó ní kí Ọ̀gá Tíṣà jẹ́wọ́ bóyá ó ti fi kún pápá náà. Ọ̀gá Tíṣà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló ti fẹ̀ báyìí, pé ojú ọ̀kánjúwà ni kì í rí ilẹ̀.

Àmọ́ ìdajì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé ni, ìdajì lójú àjò. Ojú àjò ni àwọn ẹtu ti ń di ewúrẹ́. Pápá Oníbúrẹ́dì há bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ti lọ sókè níbẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Àwọn ọmọ Wọ̀nọ́nná á kàn dúró, wọ́n á gbójú sókè, bí ará oko tó ń wo ọkọ̀ òfuurufú. Ó dun bàbá náà débi pé ó mú ẹ̀bẹ̀ wá síwájú ẹgbẹ́, ó ní nítorí ọjọ́ orí òun, kí gbogbo èèyàn máa wá bá òun nílé, òun ò lókun ìrìn àjò mọ́. Ọ̀gá Tíṣà ní kó wo ara rẹ̀ dáadáa: nílé tàbí lójú àjò, àga kan náà ní pálọ̀ òun ló ń jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀ ni Wọ̀nọ́nná ṣe ń bá a lọ láti sáà dé sáà, kò sẹ́ni tó lè nà án nílé, kò sì gba ife ẹ̀yẹ rí. Ìdí ni pé ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ní gbogbo sáà ni wọ́n ń gbá àṣekágbá nílé rẹ̀, Oníbúrẹ́dì ni ọ̀rọ̀ sì máa ń já sí lọ́wọ́. Sáà tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Bó bá lè borí ẹ̀ẹ̀kan péré ní pápá Oníbúrẹ́dì, ilé rẹ̀ ni àṣekágbá máa wá. Ara rẹ̀ ò sì le mọ́ nígbà yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ní wọ́ọ̀dù tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìtòsí fèrèsé, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé sí i lẹ́sẹ̀. Ó ti wọn bẹ́ẹ̀dì náà lọ́jọ́ tó dé. Ó ní ẹni tó kàn án kò mọ ẹsẹ̀ èèyàn.

Nọ́ọ̀sì gbé kọ̀ǹpútà wá bá a. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó ní kí wọ́n fi àwọn ẹtu sílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí, kí wọ́n wá àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù tí kì í gbéra nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ń yí gbirigbiri nílẹ̀ kì í fo ògiri ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ó péye. Ó wá mi orí.

“Ilé ni mo ṣe wọ́n fún, ìyá mi. Tí mo bá gé wọn nítorí ilé onílé, kí ni màá mú padà wá sílé?”

Ó bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Olórí kunkun ni, orí kunkun náà ló gbé e dé ibi tó dé. Àwọn ẹtu lọ sí pápá Oníbúrẹ́dì, wọ́n sì gbójú sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Nígbà tí èsì jáde, Nọ́ọ̀sì ò lè wojú rẹ̀. Ìgbà tó máa wò ó, bàbá náà ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn aláìsàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíjú sí i. Ó ní, “Ìwọ lo jàre ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ tèmi dùn jù.”

Ìgbà yẹn ni Nọ́ọ̀sì wá bi í ní ìbéèrè tó ti wà nínú rẹ̀ látọjọ́ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ará pálọ̀ ti sọ oríṣiríṣi. Oníbúrẹ́dì ní agídí ni. Ọ̀gá Tíṣà ní ọgbọ́n ni, pé ọkùnrin náà ti rí òpin kó tó bẹ̀rẹ̀. Òun náà rò pé bóyá nítorí ṣọ́ọ̀bù tó há ni, pé ẹni tó ti fi gbogbo ayé ṣiṣẹ́ níbi tó há á fẹ́ ibi gbàgede. Ó fara ti bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá, nínú gbogbo pápá tó wà níbẹ̀, kí ló mú yín yan èyí tó fẹ̀ tó báyìí?”

Bàbá náà wò ó tìyanutìyanu.

“Yan èwo? Ọjọ́ tí wọ́n pín pápá, mo pẹ́ kí n tó wọlé. Mò ń wọn àtẹ̀gùn Ọ̀gá Tíṣà lọ́wọ́. Ìgbà tí mo máa dé pálọ̀, òun nìkan ló kù.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bàbá rẹ̀ ní kí ni ẹ̀rín ibẹ̀. Pé bí a ò bá rí àdàn, ṣebí òòbẹ̀ là ń fi ṣẹbọ? Ó ní ohun tó bá kù síni lọ́wọ́, èèyàn ò kàn ní jókòó máa bú u, wíwọ̀n là ń wọ̀n ọ́n, ká lè mọ ohun tó gbà.

Kò pẹ́ sígbà náà ló sùn, tí kò jí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e kúrò nílé, àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá gbé e. Bí wọ́n ṣe gbọ́wọ́ lé pósí, ẹnì kan nínú wọn yọ téèpù jáde, ó ní kí wọ́n jẹ́ ká wọn ẹnu ọ̀nà ná. Ẹkún àti ẹ̀rín lu ara wọn nínú ilé. Pósí kọjá láìfara kan ibì kankan.

Nígbà tí sáà tuntun máa bẹ̀rẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ Wọ̀nọ́nná àti ti Oníbúrẹ́dì, ní pápá gbàgede. Òfin ní ẹgbẹ́ tí kò bá lólórí, kí wọ́n fún alátakò rẹ̀ ní ìṣẹ́gun ọ̀fẹ́. Oníbúrẹ́dì ní òun ò fẹ́ ọ̀fẹ́, òun ò lè jẹ ohun tí òun ò ṣiṣẹ́ fún lára ọ̀rẹ́ òun. Ó ní kí Ọ̀gá Tíṣà jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ètò tí bàbá náà fi sílẹ̀ gbá a. Wọ́n ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì kó wá wò ó, ó sì wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru nínú báàgì, torí Oníbúrẹ́dì.

Ayò kan ni àwọn ẹtu fi ń léwájú títí eré fi dé ìparí. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ Oníbúrẹ́dì ti dúró sí igun, ó ń retí kí wọ́n gbá òun wálé. Ó wá ku Erin, ẹni ìkẹyìn tó máa gbá a. Wọ́n jù ú sí i, ó sì gbá a, ó tóbi ju gbogbo èyí tó ti gbá rí lọ. Àmì funfun kékeré náà ń lọ sókè lójú kọ̀ǹpútà, ó ń lọ. Oníbúrẹ́dì ti dìde lórí àga. Ọ̀gá Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu. Nínú ibi gbàgede náà, àmì kan ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jínjìn, kò wẹ̀yìn, kò dúró, títí ó fi dé ìdí ògiri gan-an. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lọ́wọ́.

Oníbúrẹ́dì rọra jókòó. Èjìká rẹ̀ ń mì, wọn ò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Nígbà tó gbójú sókè, méjèèjì ni.

“Ó ti lọ tán, ó ṣì ń nà mí.”

Ọ̀gá Tíṣà ń wá aṣọ ìnujú kiri tábìlì. Nọ́ọ̀sì ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, ó tẹ orí wò ó bí ìgbà tó ń wo aláìsàn, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ náà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ó béèrè pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ń lọ sí pápá Oníbúrẹ́dì tó há yẹn, ta ló yẹ kí òun mú dání, ta ló yẹ kí òun fi sílé.

“Bí wọ́n bá pa mí, mi ò ní sọ fún ẹ,” ni Oníbúrẹ́dì wí, ó ń nu ojú. Ó wá fa àga kan sún mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà fún un, ó ní kó jókòó.